Aago Mélòó Lẹ Máa Ń Délé? Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Òdòdó sí Àgbàlá

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà kí n tó la ẹnu. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin aládùúgbò mi gbogbo, ẹ kú ìjókòó. Alága ẹgbẹ́ onílé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń yan òdòdó aláràǹbarà sí àgbàlá, pàápàá jù lọ róòsì, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ra róòsì tó kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní Ìbàdàn yìí. A ó dé orí róòsì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè: aago mélòó lẹ máa ń délé?

Ohun tó mú mi béèrè ni pé lọ́dún tó kọjá, tọkọtaya kan ládùúgbò wa pè mí pé hibiscus tí àwọn gbìn sí iwájú ilé kì í tanná. Wọ́n ti bomi rin ín, wọ́n ti fi ajílẹ̀ sí i, wọ́n ní ó sú àwọn. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ẹ̀ṣọ́ ló ṣí géètì fún mi. Gbogbo ara fẹ́ǹsì pọ́n yòò, òdòdó tó tó àwo ọbẹ̀ ló tò tẹ̀lé ara wọn láti géètì dé ìdí kànga. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyàwó ilé níbi iṣẹ́. Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ilé ta nìyẹn?"

Ilé rẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń jáde, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń wọlé, lọ́jọ́ Sátidé àríyá, lọ́jọ́ Sọ́ńdè ṣọ́ọ̀ṣì. Hibiscus ní tirẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ kó tó ṣí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì í lò ju ọjọ́ kan lórí igi. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ó ti ká ara rẹ̀ jọ bí agboòrùn tí wọ́n pa dé. Òdòdó náà kò ṣẹ̀ wọ́n. Wọn kì í pàdé ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé òdòdó wo ló dára jù pé àgbàlá rẹ̀ ló máa dáhùn. Aago tí ojú yín ń bá ilé, oòrùn tó ń dé ibẹ̀, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín: bí ẹ bá ti mọ̀ wọ́n, àwọ̀ á rọrùn láti yàn. Orí àwọ̀ ni àwa ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àwòrán inú fóònù la ń tẹ̀ lé, owó wa sì ń bá a lọ.

Mo mọ̀ pé pupa ni ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, òdòdó, àwọ̀ pupa ló ń tọ́ka sí lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ka Bíbélì Yorùbá dáadáa á rántí ibi tí wòlíì Aísáyà ti ní bí ẹ̀ṣẹ̀ bá rí bí òdòdó, yóò fún bí òjò dídì. Kì í ṣe ohun tó ń hù nílẹ̀ ló ń sọ níbẹ̀, pípọ́n rẹ́súrẹ́sú ló ń sọ. Ohun tó ń là lórí igi, ìtànná ni. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì náà dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ róòsì ti Ṣárónì, ìtànná eweko Ṣárónì ni wọ́n kọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí pupa yìí ti di orúkọ gbogbo ìtànná, funfun àti ìyeyè pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n pupa ni àwọ̀ tó ń kọ́kọ́ sọnù lójú wa bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti dín kù, ojú èèyàn kì í rí pupa dáadáa mọ́, á dúdú. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ sá aṣọ pupa kan àti funfun kan sórí okùn, kí ẹ jókòó sí fàráńdà ní aago méje alẹ́ láìtan iná. Pupa á ti di òjìji, funfun á ṣì máa ṣẹ́jú sí yín. Nítorí náà, ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ ló ń délé, tó ń jókòó síta gba atẹ́gùn nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, funfun, ìyeyè àti píǹkì tó mọ́lẹ̀ ni kó gbìn sí ẹ̀bá ibi tó ń jókòó sí. Kó gbé pupa lọ síbi tí àwọn tó wà nílé lọ́sàn-án á ti máa rí i.

Òdòdó wà tó jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ pátápátá, àwọn baba wa sì mọ̀ ọ́n. Tannápoṣó ni, tí àwọn mìíràn ń pè ní tannápowó. Ẹ tú orúkọ rẹ̀ wò: tan iná pa oṣó. Láti ilẹ̀ olóoru ní Amẹ́ríkà ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ẹ̀yìn ilé ìyá mi àgbà ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, n kò sì rí i kí ẹnikẹ́ni bomi rin ín rí. Ẹ gbé àga sí ìdí rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀. Ẹnu rẹ̀ á ṣì dì, á lọ́ pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ìka lọ́ etí aṣọ. Bí oòrùn bá ṣe ń rọ̀ ni lílọ́ náà á máa tú, ẹ kò ní rí i kó máa mira, ṣùgbọ́n ẹ ó wo ibòmíràn, ẹ ó sì padà wò ó, ó ti yàtọ̀. Kó tó di aago mẹ́fà, á ti là bí ẹnu fèrè, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà á yọ jáde láti àárín rẹ̀, òórùn dídùn á gba ẹ̀gbẹ́ ilé kan. Bí oòrùn ọjọ́ kejì bá fi máa mú, ó ti rọ, òmíràn ń múra ìrọ̀lẹ́.

Lórí igi kan ṣoṣo, ẹ lè bá èyí tó pupa, èyí tó jẹ́ ìyeyè, àti èyí tó dà bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ ta pupa sí ìyeyè lára. Òdòdó yìí náà ni onímọ̀ ará Jámánì kan, Carl Correns, fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ó mú pupa gùn funfun, gbogbo ọmọ jẹ́ píǹkì. Nígbà tó jẹ́ kí àwọn píǹkì náà bímọ láàárín ara wọn, pupa yọ, funfun yọ, píǹkì sì pọ̀ tó ìlọ́po méjì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tó ń hù sẹ́yìn balùwẹ̀ wa, tí a ń fi àdá gé sọnù, ni wọ́n fi kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́.

Àwọn mìíràn wà fún ìrọ̀lẹ́. Frangipani funfun tó ní ìyeyè láàárín, alẹ́ ni òórùn rẹ̀ máa ń gbóná jù. Pèrègún tí a fi ń pààlà ilẹ̀ náà ń tanná, funfun, alẹ́ ló sì ń rùn dídùn. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀, nítorí a kì í jẹ́ kó dàgbà kí a tó bẹ́ ẹ lórí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oòrùn. Ẹ dúró sí àárín àgbàlá yín ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní aago méjìlá, àti ní aago mẹ́rin, kí ẹ wo ibi tí òjìji ilé àti ti igi máńgòrò ará ẹ̀gbẹ́ yín dé. Ibi tí oòrùn kò bá ti lò tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ẹ má fi bougainvillea, igi ẹlẹ́gùn-ún aláwọ̀ tó ń gun fẹ́ǹsì, síbẹ̀, ẹ má fi róòsì síbẹ̀. Ewé ni ẹ máa rí. Croton tí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin á mú ibẹ̀ dára ju òdòdó tí kò ní là lọ.

Bougainvillea tó bọ́ sí ẹnu mi yẹn, orí rẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Faransé kan, Louis-Antoine de Bougainville, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, nígbà tí onímọ̀ ewéko inú ọkọ̀ rẹ̀, Philibert Commerson, bá a pàdé ní Rio de Janeiro ní Brazil, ní 1767. Ohun tó pọ́n lára rẹ̀ tí a ń pè ní òdòdó, ewé ni. Ẹ já ọ̀kan kí ẹ wò ó dáadáa: ewé mẹ́ta aláwọ̀ ló fi ara ti ara, inú wọn ni ẹ ó ti rí ìtànná gidi, funfun tíntínní, kò tó orí ìṣó. Ewé aláwọ̀ yẹn kì í tètè rọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ lára igi tí òdòdó mìíràn bá ti já dànù.

Ilẹ̀ gbígbẹ ló fẹ́. Ìyá kan ládùúgbò yìí ń bomi rin tirẹ̀ láràárọ̀, ó ń da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Igi náà ga ju òrùlé lọ, ẹ̀gún rẹ̀ ya aṣọ ọmọ rẹ̀, òdòdó kò yọ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa á tì pátápátá nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi máa pé, ẹnu ẹ̀ka ti ń pọ́n. Igi tí ó yó kò rí ìdí tí yóò fi tanná. Ajílẹ̀ tó bá sì gbóná jù, ewé ló ń kọ́. Nítorí ẹ̀gún rẹ̀, ara fẹ́ǹsì ni kó wà, kó jìnnà sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà sáré.

Ilẹ̀ wa, ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀ wa ni wàhálà tí a kò fi ojú rí. Nígbà tí mo kọ́ ilé mi, èmi náà gbin ixora pupa, òdòdó kéékèèké tó ń là ní òṣùṣù, yí iwájú pálọ̀ ká, ogún igi, nítorí mo ti rí i nílé olówó kan tó tẹ́ bí ẹní. Láàárín oṣù mẹ́rin, ewé rẹ̀ pọ́n. Kì í ṣe pípọ́n ewé tó gbó o. Ewé tuntun ló ń pọ́n, èyí tó wà lókè téńté. Iṣan rẹ̀ á dúdú ketekete, ara ewé tó wà láàárín iṣan á dà bí ìyeyè tó pọ́n, ẹ lè ka iṣan náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo da ajílẹ̀ sí i, ó túbọ̀ burú. Ìgbà tí mo hú ọ̀kan ni mo rí ohun tó ń jẹ ẹ́: àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ ti ri àpò ṣìmẹ́ǹtì, àlùpàpọ̀ tó ti gan, àti nylon píọ̀ wọ́tà mọ́ ìdí ògiri, wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ pupa díẹ̀ lé e lórí. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ọ̀kan nínú àwọn òkúta ṣìmẹ́ǹtì náà, ó ń hó kúṣúkúṣú.

Ilẹ̀ tó kan díẹ̀, bí omi ọsàn ṣe ń kan, ni ixora fẹ́. Ṣìmẹ́ǹtì ń pa kíkan ilẹ̀ náà, èròjà irin tí igi ń jẹ nínú ilẹ̀ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò rí i fà. Ohun tí mo ṣe nígbẹ̀yìn ni pé mo gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, mo kó gbogbo pàǹtírí náà dànù, mo fi ilẹ̀ dúdú àti ewé jíjẹrà dí i, mo sì sún ìlà òdòdó náà kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mọ́kànlá nínú ogún yẹn ló yè, wọ́n wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ nínú yín, ẹ sọ fún birikìlà pé kí wọ́n kó pàǹtírí wọn lọ kí ẹ tó sanwó tó kù.

Ẹni tí kò bá ní àyè gbogbo ìwọ̀nyí, kó gbin òdòdó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Vinca. Láti Madagáskà ló ti wá, píǹkì àti funfun, ó ń tanná yí ọdún po, ọ̀dá kì í pa á bọ̀rọ̀. Lára rẹ̀ náà ni wọ́n ti rí oògùn vincristine àti vinblastine tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ má sè é mu.

Ohun kan ń dùn mí. A ń lọ sí ẹ̀bá títì lọ ra igi ilẹ̀ òkèèrè, akòko wà níwájú wa. Akòko tí a fi ń joyè! Gbogbo wa mọ ewé rẹ̀ lórí olóyè, mélòó nínú wa ló ti wo ìtànná rẹ̀? Píǹkì tó fẹ́ sún mọ́ elésè àlùkò, ó tóbi, ó dà bí agogo, ó sì ń là ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí gbogbo nǹkan bá gbẹ. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ti yè nìyẹn. Kò gba àyè púpọ̀, gbọnrangandan ló ń lọ sókè. Bí ẹ bá fẹ́ igi tí yóò dúró ní igun àgbàlá tí òdòdó kéékèèké yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó wá igi tó jù ú lọ tì. Òrúrù tòun tẹ̀wù pupa rẹ̀ náà jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n ó ń di igi ńlá. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan kò gbà á.

Ó di orí róòsì. Kí a má tan ara wa jẹ: róòsì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ tó ní òtútù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, ó ń sùn nígbà òtútù, ó ń jí nígbà tó bá móoru. Lọ́dọ̀ wa, kò sí ìgbà tó ń sùn. Àwọn róòsì tí wọ́n ń kó láti Kenya lọ sí Yúróòpù, ẹ̀bá adágún Naivasha ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, ibẹ̀ sì ga ní nǹkan bí mítà 1,900 ju ojú òkun lọ. Oòrùn ń ràn lọ́sàn-án, òtútù ń mú lóru. Ní Nàìjíríà, ẹ ó rí i pé Jos ni róòsì ti ń gbádùn ara rẹ̀, nítorí ìlú náà ga ju mítà 1,000 dáadáa. Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 200 lọ. Òru wa móoru, òjò wa pọ̀, ewé kì í gbẹ.

Ewé tí kì í gbẹ ni ọ̀tá róòsì. Àrùn kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní black spot. Olú tíntínní ló ń fà á, olú ọ̀hún sì fẹ́ kí omi wà lójú ewé fún nǹkan bí wákàtí méje kó tó lè wọlé. Àwọn róòsì mẹ́fà tí mo kọ́kọ́ gbìn, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa wọ́n. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo mú róbà omi, mo wẹ̀ wọ́n láti orí dé ìdí ní aago méje alẹ́, mo rò pé mo ń kẹ́ wọn. Wọ́n sùn nínú omi. Kò pẹ́, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì dúdú tó rí roboto, etí rẹ̀ rí jágajàga bí ìgbà tí yíǹkì bá tú sórí bébà tó tutù. Ìyeyè yí àmì náà ká, ewé náà já. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pá ẹlẹ́gùn-ún ló kù. Mo bínú sí ẹni tó tà á fún mi, mo rò pé ó rẹ́ mi jẹ. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin róòsì, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ da omi sí, ewé kọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ sí àárín igi kan sí èkejì kí atẹ́gùn lè kọjá. Ẹ kọ́ ebè fún un kí omi òjò má baà dúró sí i lẹ́sẹ̀. Ewé tó bá já, ẹ ṣà á kúrò nílẹ̀ kí ẹ sun ún, nítorí olú náà ń bẹ lára rẹ̀, òjò tó bá ta sí i ni yóò gbé e padà sókè.

Àwọ̀ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ẹni tó ń ra róòsì kì í sì í gbọ́ èyí lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Róòsì inú ọgbà ní Yúróòpù kò ní ìyeyè tó jinlẹ̀ láyé àtijọ́. Ará Faransé kan, Joseph Pernet-Ducher, ló mú róòsì ìyeyè kan tí wọ́n ń gbìn ní Páṣíà, ó fi gùn mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi gbé róòsì kan tó ń jẹ́ Soleil d'Or jáde ní 1900. Inú ìdílé yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyeyè àti olómi ọsàn tí a ń rí lónìí ti jogún àwọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n róòsì Páṣíà yẹn kò lè dúró níwájú àrùn àmì dúdú rárá, àìlera yìí náà bá àwọ̀ rẹ̀ wọ inú ìdílé. Nítorí náà, ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹta dé oṣù kọkànlá, bí ẹ bá ń ra róòsì àkọ́kọ́ yín, píǹkì tàbí pupa ni kí ẹ rà. Kí ọwọ́ yín kọ́kọ́ mọ́ ọn kí ẹ tó gbé ìyeyè.

Ẹ tún wo irú ìtànná rẹ̀. Èyí tó tóbi, tó di ṣíkí, tí wọ́n ń fi sí ọwọ́ ìyàwó, omi òjò máa ń há sí i láàárín, á jẹrà kó tó là. Èyí tó ń so ní òṣùṣù, kéékèèké, tí ewé ìtànná rẹ̀ kò pọ̀, ni kí ẹ wá, nítorí òjò kì í bà á jẹ́. Àwọn tí ìdílé wọn sún mọ́ róòsì ilẹ̀ Ṣáínà ló ń fara da ooru wa jù. Láti Ṣáínà yìí náà ni ẹ̀bùn títanná léraléra ti wọ Yúróòpù ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ róòsì wọn ń là.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olódòdó, ẹ má wo èyí tó ti tanná. Ẹ yí nylon dúdú náà po, ẹ wo ìdí rẹ̀: gbòǹgbò funfun díẹ̀ tó ń yọjú, ó dára, gbòǹgbò tó ti wé bí okùn agbọ̀n, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Bí ẹ bá bá kókó kan níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn ni. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó bá yọ lábẹ́ kókó yẹn, ti onígbòǹgbò ni, ẹ ya á dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ láìpẹ́ òun ni yóò jẹ gbogbo igi náà, òdòdó tí ẹ rà á sọnù. Ẹni tó bá sì ń ta róòsì aláwọ̀ búlúù fún yín lórí fóònù, tó ní òun á fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ pa fóònù náà. Èròjà tó ń fún òdòdó mìíràn ní búlúù kò sí lára róòsì. Aró ni wọ́n pa èyí tó wà nínú àwòrán.

Ní báyìí, ìgbà wo ni róòsì Ìbàdàn ń dára jù? Ìgbà ọyẹ́ ni. Ilẹ̀ gbẹ, ewé gbẹ, òru tutù. Nítorí náà, bí oṣù kẹwàá bá dé ìdajì, tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ẹ mú àlùmọ́gàjí tó mú, kí ẹ gé e níwọ̀nba. A kì í gé tiwa dé ilẹ̀ bí ti àwọn ará ilẹ̀ òtútù, ìdá kan nínú mẹ́ta ti tó. Ẹ wá ojú ibi tí ewé tó pín sí márùn-ún ti so mọ́ ọ̀pá, tí ojú náà kọjú síta, kí ẹ gé e ní dídagẹ̀ẹ́rẹ́ díẹ̀ sókè rẹ̀. Ẹ̀ka tuntun á gba ibi tí ojú náà kọ sí, inú igi á ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Láti ọjọ́ yẹn dé ìgbà tí yóò tanná, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje ni. Ẹ kà á: ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Dìsẹ́ńbà ló bọ́ sí, kí àlejò Kérésì tó dé. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe é, òórùn róòsì ni mo fi mọ̀ pé ọyẹ́ ti wọlé.

Lórí títo àwọ̀, n kò ní pẹ́. Ẹ rò ó bí ẹ ṣe ń mú aṣọ ẹbí: àwọ̀ kan ló ń jẹ́ aṣọ, èkejì ń jẹ́ gèlè. Ilé tó fi píǹkì ṣe aṣọ, tó fi funfun ṣe gèlè, á tutù lójú. Ẹni tó bá ra ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ohun tó rí lọ́dọ̀ olódòdó, àgbàlá rẹ̀ á dà bí ojú ọjà. Ẹ wo àwọ̀ ògiri yín pẹ̀lú. Bougainvillea pupa níwájú ògiri pupa, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Kí n tó jókòó, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Olómiòjò tó ní òdòdó ìyeyè, oró ni èso rẹ̀, ó lè pa èèyàn. Igi òdòdó tí wọ́n ń pè ní oleander bákan náà. Oje Allamanda, òdòdó ìyeyè tó ń fà lára fẹ́ǹsì, kò dára lẹ́nu ọmọ. Gloriosa tó ń là bí iná tó ń jó, oró ni látòkè dé iṣu rẹ̀. Bí ọmọ tó ń rá bá wà nílé, ẹ má gbìn wọ́n. Àwọn tó sì ń bẹ̀rù pé òdòdó ń fa ejò, eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ni ejò ń wá, àti ibi tó ṣókùnkùn. Ẹ gé ìsàlẹ̀ òdòdó yín kí ìmọ́lẹ̀ lè wọbẹ̀, ẹ má kó pákó àti búlọ́ọ̀kù jọ sí ìdí rẹ̀.

Mo kó irúgbìn tannápoṣó wá, ó wà nínú ike lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Dúdú ni, ó ní eegun lára, ó dà bí iyèré tó tóbi. Oró ni òun náà bí èèyàn bá jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ má gbé e sí ìdáná. Kí kálukú mú márùn-ún. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ rì í jìn tó oríkèé ìka kan, síbi tí ẹ ti máa rí i láti orí àga tí ẹ máa ń jókòó sí bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé. Orí igi tó ní pupa, ìyeyè àti funfun ni mo ti ká gbogbo wọn, wọ́n sì ti gùn ara wọn. Àwọ̀ tó máa bọ́ sí ọwọ́ yín, ó di ìrọ̀lẹ́ tó bá kọ́kọ́ là.